Ara Ìbéèrè Wẹ́ẹ̀bù: Bí Sáfà Ṣe Ń Gbé E Sínú Bọ́fà àti Fáìlì

Iṣẹ́: Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà
Kíláàsì: SS 2
Ibi: Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó
Àkókò: Píríọ́dù méjì
Ohun èlò: Kọ̀ǹpútà kan tí Python 3 wà nínú rẹ̀, fóònù tó ní kámẹ́rà, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Bí iná bá lọ, ṣọ́ọ̀kì nìkan tó títí dé ibi tí kóòdù ti bẹ̀rẹ̀.

## Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ya orí ìbéèrè wẹ́ẹ̀bù sọ́tọ̀ kúrò lára ara rẹ̀. Kí ó lè ṣàlàyé ìdí tí sáfà kì í fi í kó gbogbo ara ìbéèrè sínú ìrántí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó sì lè ka kóòdù kékeré kan tó ń dà á sínú fáìlì. Ohun kẹrin ni mo kà sí pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń fò: kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé sáfà gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ohun tó ń bọ̀ yóò gbé kí báìtì àkọ́kọ́ tó wọlé.

## Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ohun tí fáìlì jẹ́, wọ́n sì ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí ẹ̀gbọ́n wọn tó ń kún fọ́ọ̀mù JAMB lórí kọ̀ǹpútà. Kò pọn dandan kí wọ́n ti kọ kóòdù rí.

## Ìfáárà: fọ́tò kan láti ibùdó ìdìbò

Kí olùkọ́ má ṣe fi ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi kíláàsì pé: lọ́jọ́ ìdìbò, tí wọ́n bá ka ìbò tán, tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú sì ti buwọ́ lùwé, kí ni òṣìṣẹ́ INEC máa ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Ọwọ́ á lọ sókè, torí pé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ibùdó ìdìbò wà nílẹ̀ wa, àwọn ọmọ sì máa ń dúró wò. Òṣìṣẹ́ náà máa ń ya fọ́tò ìwé èsì tí wọ́n ń pè ní EC8A, á sì fi í ránṣẹ́ sí IReV, ojúlé tí ará ìlú ti lè wo èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni INEC kọ́kọ́ lo IReV, nínú àtúndì ìbò àgbègbè Nasarawa Central sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹwàá, ó kan ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwé èsì àwọn ibùdó Ìdànrè wà lára èyí tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí lọ ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2021, ẹ̀rọ BVAS ló ń ṣe iṣẹ́ náà: òun kan náà tó ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò ló ń ya fọ́tò ìwé èsì. Òun náà ni wọ́n lò nígbà tí a tún dìbò yan gómìnà lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

Fọ́tò yẹn rin ìrìn àjò gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè wẹ́ẹ̀bù. Ohun tí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gba ìbéèrè náà, ń ṣe láti ìgbà tí báìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ bá dé títí fáìlì yóò fi pé lórí dísíìkì ni ẹ̀kọ́ wa lónìí. Bí àríyànjiyàn òṣèlú bá bẹ́ sílẹ̀ nínú kíláàsì, kí olùkọ́ rọra pa á. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti parí ẹjọ́ lórí ìdìbò ààrẹ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Tiwa ni báìtì.

## Orí àti ara

Ẹ kọ èyí sára pátákó, ẹ má ṣe yọ ìlà òfìfo kúrò:

```
POST /esi HTTP/1.1
Host: example.com
Content-Type: image/jpeg
Content-Length: 3145728

...báìtì fọ́tò bẹ̀rẹ̀ níbí...
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ ohun tí oníbàárà, ìyẹn ẹ̀rọ tó fi ìbéèrè ránṣẹ́, ń fẹ́ àti ibi tó fẹ́ ẹ sí. Àwọn ìlà tó tẹ̀ lé e ni orí ìbéèrè: irú ohun tó ń bọ̀ àti bó ṣe gùn tó. Ìlà òfìfo ló pààlà. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ara ìbéèrè, sáfà kò sì gbọdọ̀ mú un bí ọ̀rọ̀ àṣẹ, ohun ìní ẹni tó fi ránṣẹ́ ni.

Nígbà tí Tim Berners-Lee bẹ̀rẹ̀ wẹ́ẹ̀bù, HTTP ọdún 1991 kò mọ̀ ju GET lọ: oníbàárà ń béèrè, sáfà ń fún un. Kò sí ara ìbéèrè rárá. Oṣù Karùn-ún ọdún 1996 ni ìwé HTTP/1.0 jáde pẹ̀lú POST. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995, Ernesto Nebel àti Larry Masinter ti ilé iṣẹ́ Xerox ti kọ ìlànà tí a lè fi mú fáìlì gba inú fọ́ọ̀mù kọjá. Ìlànà yẹn, multipart/form-data, ṣì ni ọ̀pọ̀ jù lọ fọ́ọ̀mù tí ẹ bá ti rí bọ́tìnì „yan fáìlì” ń lò títí di òní. Ó ń mú kí fáìlì méjì, orúkọ àti ọjọ́ orí wọlé nínú ara kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìlà ààlà láàárín wọn.

Ọ̀nà méjì ni sáfà ń gbà mọ ibi tí ara ìbéèrè parí. Èkíní ni Content-Length, iye báìtì tí oníbàárà ti kà sílẹ̀. Èkejì wà fún oníbàárà tí kò tíì mọ iye náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀: ó ń fi í ránṣẹ́ ní gége-gége, gége kọ̀ọ̀kan á sọ gígùn tirẹ̀ kí ó tó dé, èyí tí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ 0 ni òpin. Chunked ni wọ́n ń pe èyí. Bí ìbéèrè kan bá mú ọ̀nà méjèèjì wá pa pọ̀, ẹ jẹ́ kí sáfà kọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀daràn ti lo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti tan sáfà méjì tó wà lẹ́yìn ara wọn, kí ọ̀kan gbà pé ara ti parí níbi tí èkejì ti ń kà lọ.

## Báìtì kì í ṣe lẹ́tà

Ẹ má ṣe sáré kọjá níbí. Àwa tí a ń kọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ ní kí kíláàsì ka lẹ́tà tó wà nínú „Ìdànrè”. Mẹ́fà. Ẹ wá ka báìtì rẹ̀ ní UTF-8: Ì gba méjì, d gba ọ̀kan, à gba méjì, n ọ̀kan, r ọ̀kan, è méjì. Mẹ́sàn-án. Lẹ́tà „ọ̀” nìkan máa ń gba márùn-ún: mẹ́ta fún ọ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, méjì fún àmì ohùn tó gun orí rẹ̀.

Bí ẹni tó kọ kóòdù fóònù bá ka lẹ́tà dípò báìtì, Content-Length rẹ̀ á jẹ́ 6. Sáfà á ka báìtì mẹ́fà, á sì dúró. Ohun tó máa wà nínú fáìlì ni „Ìdàn”. Báìtì mẹ́ta tó kù, „rè”, á ṣì wà lẹ́nu ìlà, sáfà á sì rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tuntun ni. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán kóòdù rẹ̀ wò kò ní rí àṣìṣe yìí láéláé, torí báìtì kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tirẹ̀ ń gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fi orúkọ ìlú wọn dán kóòdù wò, pẹ̀lú àmì lórí.

## Ṣé inú ìrántí ni, àbí inú fáìlì?

Sáfà ní ibi méjì tó lè gbé ara ìbéèrè sí. Ìrántí yá, ṣùgbọ́n ó kéré, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló sì ń pín in. Dísíìkì lọ́ra díẹ̀, ó fẹ̀, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ kì í sì í pòórá bí iná bá lọ. Bọ́fà ni ààyè kékeré nínú ìrántí tí báìtì máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí.

Ìṣirò kan tó láti fi yé wọn. Ká ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ fi fọ́tò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan jẹ́ MB 5. Bí sáfà bá kó gbogbo wọn sínú ìrántí kí ó tó kọ wọ́n sí dísíìkì, ó nílò MB 5,000. Sáfà kékeré kò ní i. Á ṣubú, gbogbo ẹgbẹ̀rún yẹn á sì pàdánù, títí kan èyí tó ku báìtì kan péré kó pé. Bó bá jẹ́ pé bọ́fà KB 64 ló lo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó ń bù ú, tó ń kọ ọ́ sí fáìlì, tó tún ń bù ú, MB 62.5 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe ìsodipúpọ̀ náà sínú ìwé.

Ní Ìdànrè, ọmọ tí kò tíì kó kòkó rí kò wọ́pọ̀, nítorí náà àfiwé kan yìí kò ní nira. Ẹni tó fẹ́ kó kòkó láti orí àtẹ lọ sínú ilé kì í gbé àtẹ. Agbọ̀n ló ń lò. Bí agbọ̀n ṣe tóbi tó kò sọ bí kòkó ṣe pọ̀ tó. Ó kàn ń sọ iye ìgbà tí yóò lọ tí yóò bọ̀. Agbọ̀n tó kéré jù á dá ẹsẹ̀ lágara, èyí tó tóbi jù á dá ọrùn. Bọ́fà ni agbọ̀n. Fọ́tò MB 5 gba ọgọ́rin agbọ̀n tó jẹ́ KB 64.

Àwọn tó kọ sáfà ńláńlá ti pinnu ìwọ̀n agbọ̀n sílẹ̀ fún wa. Nginx, lórí kọ̀ǹpútà bit 64, ń lo bọ́fà KB 16 fún ara ìbéèrè. Bí ara náà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kọ ọ́ sínú fáìlì onígbà díẹ̀. Django ń fi fáìlì tí kò ju MB 2.5 lọ sínú ìrántí, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ sí dísíìkì. ASP.NET Core máa ń gbé fáìlì inú fọ́ọ̀mù lọ sí dísíìkì bó bá ti ju KB 64 lọ. PHP ní tirẹ̀ kì í dúró bi yín: gbogbo fáìlì fọ́ọ̀mù ló ń kọ sí ibi onígbà díẹ̀, bí ẹ kò bá sì fi move_uploaded_file gbé e kúrò níbẹ̀, á pa á rẹ́ bí ìbéèrè bá ti parí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti sunkún lórí èyí.

Ìwọ̀n tó ga jù tún wà, kí olùkọ́ má ṣe gbàgbé rẹ̀. Nginx kì í gba ara ìbéèrè tó ju MB 1 lọ àfi bí a bá sọ fún un. Fọ́tò fóònù òde òní ju ìyẹn lọ. Á dá èsì 413 padà, kóòdù tí ọmọ kọ kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn. Ọmọ á máa wá àṣìṣe kiri nínú iṣẹ́ ara rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹnu géètì ni wọ́n ti dá àlejò padà. PHP náà ní MB 2 fún fáìlì kan àti MB 8 fún gbogbo ara ìbéèrè. Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí kì í ṣe ìkà. Sáfà tí kò ní ìwọ̀n ti fún gbogbo ayé láṣẹ láti kún dísíìkì rẹ̀.

## Kóòdù

Python 3 gba orúkọ Yorùbá nínú kóòdù, àmì ohùn pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àwọn ògbóǹtarìgì kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Fún kíláàsì, ó dára: ọmọ á rí ohun tó jẹ́ tiwa àti ohun tó jẹ́ ti èdè kọ̀ǹpútà lójú kan.

```
import os

ÒPIN = 5 * 1024 * 1024
AGBỌ̀N = 64 * 1024

def gbà_sí_fáìlì(orísun, gígùn, ibi):
    if gígùn > ÒPIN:
        raise ValueError("Ó ti pọ̀ jù")
    apákan = ibi + ".apakan"
    kù = gígùn
    with open(apákan, "wb") as f:
        while kù > 0:
            bù = orísun.read(min(AGBỌ̀N, kù))
            if not bù:
                raise EOFError("Ìlà já kí ó tó pé")
            f.write(bù)
            kù -= len(bù)
        f.flush()
        os.fsync(f.fileno())
    os.replace(apákan, ibi)
```

Ẹ kà á pẹ̀lú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dúró lórí ibi mẹ́rin.

Ohun àkọ́kọ́ tí kóòdù ṣe ni láti wo gígùn. Kò tíì ṣí fáìlì kankan. Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù láti ẹnu ọ̀nà, ìdí wo ni a óò fi gbà á wọlé?

Lẹ́yìn ìyẹn ni len(bù). Akẹ́kọ̀ọ́ á fẹ́ yọ AGBỌ̀N kúrò nínú kù, torí ó rò pé agbọ̀n máa ń kún nígbà gbogbo. Kì í kún nígbà gbogbo. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fún sáfà ní ohun tó bá dé, ó lè jẹ́ báìtì 1,400, ó lè jẹ́ 300. Ohun tí a bá rí gbà ni a ń yọ kúrò nínú iye tó kù. Mo fẹ́ kí olùkọ́ kọ ọ́ ní àṣìṣe sára pátákó kan, kí kíláàsì wá ibi tó ti bàjẹ́.

Ìkẹta ni orúkọ tó parí sí .apakan. Fáìlì tí kò tíì pé kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ fáìlì tó pé. Bí ìlà bá já láàárín, ohun tó kù nílẹ̀ jẹ́ àjẹkù, orúkọ rẹ̀ á sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn lè wá gbá a dànù lóru. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé nìkan ni os.replace á fún un ní orúkọ gidi, lójú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń wo ibi náà á rí fáìlì tó pé, tàbí kí ó má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: fáìlì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí dísíìkì kan náà. Bí ọ̀kan bá wà ní /tmp, tí /tmp sì jẹ́ dísíìkì ọ̀tọ̀, àṣẹ náà á kọ̀.

Ìkẹrin ni fsync. Nígbà tí f.write bá sọ pé òun ti parí, ó ṣeé ṣe kí báìtì ṣì wà nínú ìrántí ẹ̀rọ, tó ń dúró de àyè. Fsync ń béèrè pé kí wọ́n dé orí dísíìkì ná. Níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére, ìlà kan yìí kì í ṣe àṣejù.

## Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń kà á

Ara ìbéèrè kì í padà sẹ́yìn. Báìtì tí a ti kà ti lọ. Bí apá kan nínú kóòdù bá ti ka gbogbo rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, apá kejì tó fẹ́ kọ ọ́ sí fáìlì á bá ilé òfìfo: fáìlì á wà, gígùn rẹ̀ á jẹ́ 0, kò sì ní sí àṣìṣe kankan tí yóò fara hàn. Nínú gbogbo àrùn iṣẹ́ yìí, èyí ló ń fi àkókò ẹni ṣòfò jù.

Oògùn rẹ̀ ni kí a ṣe gbogbo iṣẹ́ náà nígbà tí báìtì ń kọjá. Bí a bá fẹ́ mọ SHA-256 fọ́tò náà, àmì ìdánimọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí yóò yí padà bí báìtì kan bá yí padà, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ nínú while kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ f.write. Go ní TeeReader fún irú èyí. ASP.NET Core ní EnableBuffering, tó ń fi ẹ̀dà pamọ́ kí a lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ń ná wa ní ààyè.

## Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà

Ẹni tó bá ti tẹ fóònù láàárín àwọn òkè wa mọ̀ pé àpáta lè dí ìgbì rédíò. Ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin lè wà lórí fóònù ní Òdòde Ìdànrè, kí ó ku ọ̀kan bí ẹ bá yí igun òkè kan. Nítorí náà, ara ìbéèrè lè wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ó dúró, kí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Sáfà kò lè dúró títí láé. Ní 2009, Robert Hansen gbé irinṣẹ́ kan jáde tó pè ní Slowloris, tó fi hàn pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè mú sáfà rọ nípa fífi orí ìbéèrè ránṣẹ́ pẹ̀lú ìlọ́ra, kí ó má sì parí láé. Àwọn mìíràn ṣe irú rẹ̀ fún ara ìbéèrè. Nginx ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 60 láàárín báìtì tó dé kẹ́yìn àti èyí tó kàn. Bí nǹkan kan kò bá wọlé, á fi èsì 408 ti ilẹ̀kùn. Ìwọ̀n yẹn kò bu òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn òkè jẹ, níwọ̀n bí báìtì rẹ̀ bá ṣì ń kán.

Bí ìlà bá já, oníbàárà á tún fi ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé fáìlì àkọ́kọ́ ti dé pátápátá, tó jẹ́ pé èsì „mo ti gbà á” ló sọnù lọ́nà. Sáfà á wá ní ẹ̀dà méjì. Ohun tó ń yanjú èyí ni kí fáìlì ní ìdánimọ̀ tí kò ti ọwọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá: irú ìdìbò, nọ́ńbà ibùdó, àti SHA-256 rẹ̀. Bó bá bára mu, ọ̀kan ni wọ́n.

## Orúkọ tí oníbàárà mú wá

Èyí kúrú. Nínú multipart, oníbàárà ń sọ orúkọ fáìlì rẹ̀. Ẹ má ṣe lò ó láti fi pe fáìlì lórí dísíìkì yín. Ẹni ibi lè kọ „../../” ṣáájú orúkọ, kí fáìlì rẹ̀ lọ bọ́ sí ibi tí kóòdù sáfà fúnra rẹ̀ wà. Ẹ fún un ní orúkọ tiyín, kí ẹ kọ tirẹ̀ sí ibi ìkọsílẹ̀ dátà. Ẹ má sì ṣe gba Content-Type gbọ́ lórí ẹnu lásán: fọ́tò JPEG gidi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báìtì FF D8 FF. Ẹ wò ó nínú agbọ̀n àkọ́kọ́.

## Ibi tí fáìlì yóò gbé: ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023

Ìdìbò ààrẹ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ wáyé lọ́jọ́ kan náà. Nàìjíríà ní ibùdó ìdìbò 176,846. Wọ́n dìbò ní 176,606 nínú wọn, torí pé àwọn yòókù kò ní olùdìbò kankan tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà. Síbẹ̀, ìwé èsì ti aṣòfin wọlé, ti ààrẹ kò wọlé.

INEC ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìròyìn tí ó gbé jáde lórí ìdìbò yẹn, mo sì fẹ́ kí olùkọ́ rọra sọ ọ́, nítorí òun ni ẹran inú ẹ̀kọ́ yìí. Nọ́ńbà ibùdó ìdìbò ní apá mẹ́rin: ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ibùdó. Ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 28. Lórí sáfà, ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń tò fódà tí fọ́tò ń wọ̀. Ìdìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀. Ti sẹ́nétọ̀ ní ìpínlẹ̀. Ti aṣojú-ṣòfin ní ìpínlẹ̀. Ìdìbò ààrẹ, gbogbo orílẹ̀-èdè ni àgbègbè kan ṣoṣo fún un. Kò wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Nígbà tí fọ́tò rẹ̀ dé, sáfà wá ìpínlẹ̀ tó máa tò ó sí, kò rí i, kò lè dá fódà sílẹ̀, ó sì dá àṣìṣe sáfà padà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni àtúnṣe wọn tó jẹ́ kí ìwé èsì ààrẹ àkọ́kọ́ wọlé.

Ẹ kíyè sí i pé ìdìbò tí wọ́n ti fi IReV ṣe ṣáájú ìgbà yẹn pọ̀, tiwa ní Oǹdó wà lára wọn, kò sì sí èyí tó gbé àṣìṣe náà jáde. Gbogbo wọn ló ní ìpínlẹ̀. Iye ìgbà tí a ti dán nǹkan wò kò tó ẹ̀rí bí a kò bá tíì dán irú èyí tó yàtọ̀ wò.

Ìdájọ́ tèmi lórí kóòdù náà nìyí: kò yẹ kí gbígba fáìlì sinmi lórí bí a ṣe ń tò ó. Kí sáfà kọ́kọ́ gba fọ́tò sí ibi kan ṣoṣo tó rọrùn, pẹ̀lú orúkọ tí kò nílò ìpínlẹ̀ tàbí wọ́ọ̀dù. Kí ó sọ fún ẹ̀rọ pé òun ti gbà á. Lẹ́yìn náà kí iṣẹ́ mìíràn tò ó sí fódà. Bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ bá kùnà, fọ́tò ṣì wà lọ́wọ́.

## Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló pààlà láàárín orí ìbéèrè àti ara rẹ̀?
2. Ẹ ka báìtì tó wà nínú „Aládé”. Kí ni sáfà máa rí bí Content-Length bá jẹ́ 5?
3. Nínú kóòdù òkè yìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá fi AGBỌ̀N rọ́pò len(bù) ní ìlà tó ń yọ kù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì mú báìtì 300 péré wá?
4. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí èsì 413, ó sì ní kóòdù òun kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa ìbéèrè náà. Níbo ni kí ó kọ́kọ́ wò?
5. Kí nìdí tí ìwé èsì aṣòfin fi wọlé lọ́jọ́ tí ti ààrẹ kò wọlé?

Ìdáhùn ìbéèrè kejì fún olùkọ́: báìtì mẹ́jọ tàbí méje ni àwọn ọmọ á máa pariwo. Méje ni, torí á àti é nìkan ló gba méjì-méjì. Báìtì márùn-ún á mú „Alád” wá.

## Iṣẹ́ àṣetiléwá

Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù 2023/1115 ń béèrè ibi tí oko kòkó wà lórí ilẹ̀ ayé kí wọ́n tó lè gba kòkó náà wọ ọjà wọn. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ní àwòrán ààlà rẹ̀ yíká, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú díjíìtì mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá. Ká ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè gbé iṣẹ́ sáfà fún yín, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa fi fáìlì ààlà oko wọn ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ẹ kọ ìwọ̀n tó ga jù tí ẹ máa gbà àti ìdí rẹ̀, bí agbọ̀n yín ṣe máa tóbi tó, orúkọ tí ẹ máa fún fáìlì, àti ohun tí sáfà yín máa ṣe bí oko kan bá wọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀ méjì. Ẹ má ju ojú ewé kan lọ, kí ẹ sì mú ìwé yín wá ní ọjọ́ Ajé.